Ẹjọ́ Láptọ́ọ̀pù Tísà

Ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹnu mi lòun ti gbọ́ ọ, irọ́ ló pa. Ògiri ilé tí à ń gbé yìí kò nípọn. Ẹni tó bá wúkọ́ ní yàrá ìsàlẹ̀, ará òkè ló máa kí i pé pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ Tísà àti ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé tọkọtaya yẹn kì í jà? Àdúrà àárọ̀ wọn la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Àfi bí a kò ṣe gbọ́ àdúrà mọ́, tí a kò gbọ́ "olówó orí mi" mọ́. Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé ilé ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ó tilẹ̀ ti mọ obìnrin náà, ó mọ ibi tó ń gbé, ó mọ iye ọmọ tó bí fún ọkọ àárọ̀. Èmi ò dá sí i. Mo kàn gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ bó lọ sí abẹ́ fèrèsé wọn ni, torí pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà.

Àṣé láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń jà lé lórí!

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Windows 10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù Tísà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìkìlọ̀ kan ti ń yọ sójú rẹ̀ ṣáá, pé àsìkò ìtọ́jú Windows 10 ti tán. Tísà á tẹ̀ ẹ́ kúrò, á tún yọjú. Ọjọ́ tí Mọ́mì Tísà, ìyàwó rẹ̀ tó ń gba àjọ obìnrin ọjà, fẹ́ fi owó àjọ ránṣẹ́ láti orí láptọ́ọ̀pù náà ló rí i, ló bá lọgun: "Ẹ fẹ́ kí wọ́n kó owó olówó lọ kẹ́ ẹ tó gbà pé nǹkan yìí ti kú?" Tísà ní kò kú o, ìwé ló ń tẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Mọ́mì ní kó ra tuntun. Tísà ní kó fún òun lówó. Ibẹ̀ ni àdúrà ti dáwọ́ dúró.

Ẹ mọ ilé wa. Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń sọ, ẹni mọ́kànlá ló máa bá wọn parí ẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀ ló kọ́kọ́ dájọ́: ó ní ọgbọ́n àtitajà ni, pé òyìnbó fẹ́ ta tuntun ni wọ́n ṣe ní àtijọ́ ti kú. Ìyá Ìbejì ní kí Tísà gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì tó wà lẹ́yìn ọjà. Ọmọ Tísà pè láti Manchester, ó ní "Dádì, ẹ upgrade jàre," ó sì gé fóònù torí pé ó wà níbi iṣẹ́. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì lọ́jú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2015 ni Microsoft gbé Windows 10 jáde, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti kéde pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 làwọn máa ṣíwọ́ lára rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà máa kú lọ́jọ́ náà. Ó máa tàn, ó máa tẹ̀wé, ó máa kọrin. Ẹ gbà pé láńlọ́ọ̀dù kò lé yín jáde, ṣùgbọ́n ó ní láti òní lọ, bí kọ́kọ́rọ́ géètì bá bàjẹ́, òun kò tún un ṣe mọ́. Ẹ lè máa sùn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Olè náà sì lè máa wá dán géètì wò lálaalẹ́. Mo ṣe àkàwé yìí lójú láńlọ́ọ̀dù gan-an, ojú ẹ̀ sì le, torí pé géètì wa ti bàjẹ́ láti ọdún Àjíǹde.

Ohun tó ń bí Tísà nínú ni pé ó ní wọ́n tan òun. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kì í gbàgbé. Ó ní lọ́dún 2015, níbi ìpàdé ńlá kan tí Microsoft ṣe ní Chicago, òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Jerry Nixon dìde, ó ní Windows 10 ni Windows ìkẹyìn. Òótọ́ ni, ó sọ ọ́, ìwé ìròyìn gbé e káàkiri ayé. Tísà gbà á gbọ́, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Windows 11 dé. "Ìkẹyìn wo ló tún ní àbúrò?" ni Tísà ń bi àwa tí a kò dé Chicago rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ níbí, nítorí bí Tísà bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Windows, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde. Ó ti ń tẹ̀wé láti ayé Windows 95. Ó ní orin kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń jí nígbà náà, olórin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Brian Eno ló ṣe é, àti pé orí Mac, ọjà Apple tí í ṣe orogún Microsoft, ló jókòó sí tó fi ṣe é! Eno fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ẹ tún wá gbọ́ èyí tó dùn jù: Eno yìí kan náà, ọmọlẹ́yìn Fẹlá ni. Nígbà tí wọ́n tún àwo Fẹlá tẹ̀ lápótí lápótí, òun ló ṣa àwọn àwo inú àpótí kẹta, lọ́dún 2014. Nígbà tí Tísà dé ibí yìí, ó fẹ́ gbé àwo kan sí i fún wa, Mọ́mì Tísà tó ti ń fìbínú dákẹ́ láti àárọ̀ ní bó bá dán an wò, òun á lọ sílé ìyá òun. Ó kéré tán, ó sọ̀rọ̀.

Òkè tútù inú àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ìgbà Windows XP ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láyé ìgbà yẹn, ẹ rántí ẹ̀: koríko tútù yọ̀yọ̀, ojú ọ̀run búlúù, àwọ̀sánmà funfun díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ìbejì fi orí ẹ̀ búra pé Òbúdù ni. Tísà ní ìpínlẹ̀ California ni, ní Sonoma, pé ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Charles O'Rear ló rí i lójú ọ̀nà lọ́dún 1996 tó sì yà á. Ọgbà èso àjàrà ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kòkòrò ló jẹ gbòǹgbò àwọn igi, wọ́n hú wọn, koríko sì hù. Bí kì í bá ṣe kòkòrò ni, a kì bá tí rí òkè yẹn. Ìyá Ìbejì ṣì ní Òbúdù ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí ló gbé wa padà sójú ọ̀nà. Ìyá Ìbejì ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú London, òun ló sọ fún wa bí nǹkan ṣe rí lóṣù karùn-ún ọdún 2017. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 12. Kòkòrò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ti fáìlì pa, ó ní kí wọ́n san owó kí òun tó ṣí i. Bírò àti ìwé ni wọ́n padà sí. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ní England ni ọ̀ràn náà bá, wọ́n sì fojú bù ú pé ìpàdé aláìsàn tó lé ní 19,000 ni wọ́n fagi lé. Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mí jù: Microsoft ti ṣe oògùn ihò tí kòkòrò yẹn gbà wọlé láti oṣù kẹta, oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tó ní Windows 7 lè gba oògùn náà, wọn kò gbà á ni. Àwọn tó ṣì wà lórí XP, tí ìtọ́jú tirẹ̀ ti tán láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, kò sí oògùn fún wọn rárá, àfìgbà tí ilé ti ń jó tí wọ́n sáré ṣe ọ̀kan.

Ẹni tó dá a dúró ńkọ́? Ọmọ ọdún méjìlélógún, Marcus Hutchins, ní ilé òbí ẹ̀. Ó rí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan nínú kòkòrò náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà, ó rà á ní owó tí kò tó dọ́là mọ́kànlá, kòkòrò sì jáwọ́. Ayé ń yìn ín. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, àwọn FBI mú un ní Las Vegas torí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ àtijọ́, pé òun náà ti ṣe kòkòrò rí! Nígbà tó dé iwájú adájọ́ lọ́dún 2019, wọn kò rán an lẹ́wọ̀n sí i. Láńlọ́ọ̀dù ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lòun fẹ́ kó wá tún géètì òun ṣe.

Ìtàn yìí ló jẹ́ kí Tísà gbà kí wọ́n pe Enjiníà.

Enjiníà ni ọmọkùnrin tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kóńténà tó wà níwájú ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Tísà, "Ẹ káàsán sà," ó jókòó sórí àpótí, ó dojú láptọ́ọ̀pù dé, ó fi ọwọ́ nu eruku ìdí ẹ̀. HP EliteBook 840 G3, tòkunbọ̀, tí Tísà rà ní Computer Village ní Ìkẹjà nígbà tó gba owó ìfẹ̀yìntì. Ara ẹ̀ ṣì ń dán. Enjiníà ṣí i, ó tẹ ibi tó tẹ̀, ó wá yí ojú ẹ̀ sí gbogbo wa. Orúkọ orí tí kọ̀ǹpútà náà fi ń ronú ló wà níbẹ̀: Intel Core i5-6300U.

"Sà, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 yẹn. 6 ló fi bẹ̀rẹ̀."

"Mo rí i. Ṣé 6 burú ni?"

"Kò burú sà. Ìran kẹfà ni. Windows 11, ìran kẹjọ lọ sókè ló ń gbà."

Tísà wo láptọ́ọ̀pù náà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ ẹ̀ kò yege. Ẹni tó tà á fún un ní "Dádì, èyí máa bá yín dalẹ́." Enjiníà tún tẹ tpm.msc, ó ní ṣíìpù kékeré kan wà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, TPM lorúkọ ẹ̀, 2.0 ni Windows 11 ń bèèrè, ti Tísà sì ní in. RAM ńkọ́? 4GB ló ń bèèrè, 8 ni Tísà ní. Ààyè ìfipamọ́ 64GB, ti Tísà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun gbogbo pé, àfi orí ẹ̀. Mọ́mì Tísà ní, "Ẹ ò rí i pé mo sọ bẹ́ẹ̀," àmọ́ kò rẹ́rìn-ín, torí pé ó rí ojú ọkọ ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ èyí kí n tó máa lọ. Ọlọ́jà máa sọ fún yín pé G5 ni, pé G5 ń gba Windows 11. Òótọ́ ni pé G3 jẹ́ ìran kẹfà, tí G4 jẹ́ ìkeje, tí ìkẹjọ sì bẹ̀rẹ̀ láti G5. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àwọn G5 kan tí ìran keje wà nínú wọn! Ẹ má ka ara ẹ̀, ẹ ní kó tàn án, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà náà lójú ẹ̀. Bó bá sì ti gbé Windows 11 sórí ẹ̀ de yín, ìyẹn kò fi hàn pé ó tọ́ sí i o. Enjiníà ló fi yé wa.

Bó ṣe fi yé wa ni pé òun fúnra ẹ̀ ló dábàá ẹ̀. Ó ní, "Sà, bẹ́ ẹ bá fún mi lówó dátà, mo lè fi irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Rufus ṣe fíláàṣì Windows 11 tí kò ní bèèrè nǹkan kan, màá tì í wọlé." Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń lo irú ẹ̀. Fáìlì náà lé ní 5GB, ẹ̀yin náà mọ ohun tí dátà ń gbà lọ́wọ́ wa. Tísà ti fẹ́ nawọ́ sápò. Mọ́mì Tísà, tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kankan, béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Enjiníà, bẹ́ ẹ bá tì í wọlé tán, ṣé àwọn tó ni ín á máa tún kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ṣe fún wa?" Enjiníà họrí. Microsoft ti sọ ọ́ kedere pé kọ̀ǹpútà tí kò kún ojú òṣùwọ̀n àwọn, àwọn kò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó lè máa dé lónìí, kó dáwọ́ dúró lọ́la. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà gbá géèmù lè ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó àjọ obìnrin ọjà wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Enjiníà kò jẹ́ kí òun tẹ́ báyẹn. Ó yọ fíláàṣì mìíràn, ó ní Linux Mint, tó lè rọ́pò Windows, ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kì í bèèrè ìran, àti pé ó lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láì fọwọ́ kan Windows Tísà rárá. A rò pé Tísà á lé e. Ó gbà! Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè kò bá wa lójijì: "Ṣé ó lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀?" Nítorí pé àwọn ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ni oníbàárà ẹ̀ tó pọ̀ jù, bí ẹ bá gbé ẹ̀ẹ́ sílẹ̀ láìfi àmì kan sí i nísàlẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n á fi bírò pupa ya ìwé náà. Enjiníà wá a títí, ó rí àtẹ bọ́tìnì Nàìjíríà, Yorùbá sì wà lábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Tísà tẹ orúkọ ìyá ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì. Pírińtà àgbà tó wà ní igun náà kígbe, ó ta gìrì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. A pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá ṣí iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ kan tó wá nínú Word ni ọ̀ràn yí padà. Àtẹ orí kẹrin sún lọ sí ojú ewé kejì, nọ́ńbà ojú ewé sá, àkíyèsí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún pọ̀. Tísà ní bó bá ṣe ti òun nìkan ni, òun á gbà á, àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ gboyè. N kò rí ẹ̀bi ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé wíwo fíìmù àti kíkọ lẹ́tà ni tiẹ̀, Mint á tó o. Iṣẹ́ Tísà kọ́ ló yẹ.

Ibi tí gbogbo wa ti ń wojú ara wa ni Enjiníà ti sọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ, tó jẹ́ pé kò sówó fún un níbẹ̀ ni kò ṣe tètè sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó ní Microsoft ń fún àwọn tó kù lórí Windows 10 ní àfikún ọdún kan àtúnṣe ààbò, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó, ọgbọ̀n dọ́là ni. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún kan point lọ́dọ̀ wọn lè fi san án. Ẹni tó bá sì gbà kí kọ̀ǹpútà máa kó ètò ẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni fún un. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí Windows 10 náà jẹ́ 22H2, tó kẹ́yìn nínú wọn, kí èèyàn sì ní àkáǹtì Microsoft. Tísà tẹ winver, 22H2 ló gbé jáde. Láńlọ́ọ̀dù ní ọ̀fẹ́ wo ni ìyẹn nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ gbogbo ètò ilé èèyàn. Mo gbà fún un níbí, ọ̀fẹ́ yẹn ní ojú tó fi ń wò wá. Àmọ́ kò sí ohun tí Tísà ní nínú ètò ẹ̀ ju àwòrán ọmọọmọ ẹ̀ lọ.

Ìyọnu kù lórí pásíwọ́ọ̀dù. Ọmọ tó wà ní Manchester ló ṣí àkáǹtì náà nígbà kan tó wá sílé, nọ́ńbà fóònù tiẹ̀ ló fi sí i. Kóòdù ń lọ sí Manchester, Tísà wà ní Ìbàdàn, ọmọ wà nílé iṣẹ́. Tísà ò lè pè é torí pé ó ti bú u láàárọ̀ nítorí "upgrade jàre" yẹn. Mọ́mì Tísà ló gba fóònù, ó pè é, ó kì í ní oríkì ẹ̀ títí ọmọ fi jáde sí kọ́ríídọ̀ tó ka kóòdù fún wọn. Mọ́mì ń pe nọ́ńbà, Tísà ń tẹ̀ ẹ́, Tísà tẹ 9 níbi tí wọ́n ti ní 6, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ló gbà. "Ẹ ti forúkọ sílẹ̀," ló wà lójú ẹ̀ lédè òyìnbó. Mọ́mì ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ n gbé oúnjẹ wá." Ìyá Ìbejì sì ní òun ò sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni rí.

Ẹjọ́ tèmi rèé, ẹni bá fẹ́ kó gbà á. Mọ́mì Tísà jàre lórí ìbẹ̀rù ẹ̀, kò jàre lórí pé kí wọ́n sáré ra tuntun. Tísà jàre pé kọ̀ǹpútà kò kú, kò jàre bó ṣe ń tẹ ìkìlọ̀ kúrò láìkà á. Ẹ̀yin náà ẹ lọ wo nọ́ńbà tiyín. Bó bá ti jẹ́ ìran kẹjọ lọ sókè, ẹ gbé e lọ sí Windows 11, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ní Windows 10 tó péye. Bọ́tìnì Start tó lọ jókòó sáàárín, ẹ lè dá a padà sí òsì nínú Settings, ẹ má torí ìyẹn bínú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀ bíi ti Tísà, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí fíláàṣì kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí Enjiníà kankan fọwọ́ kàn án. Oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni ti Tísà máa parí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀ fún G5.